Àyè Mẹ́ta

Mẹ́tàdínlógún ni kẹ̀kẹ́ Wybren,
mẹ́ta péré ni ilé tuntun lè gbà.
Jitske ọmọ rẹ̀ ló fi téèpù wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó ní, "Bàbá mi, mẹ́ta o. Ẹ má pè é ní mẹ́rin."

Atẹ́gùn òkun Harlingen ń ti ilẹ̀kùn àká,
ó ń tì í, ó ń fà á,
bí aládùúgbò tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé onílé.
Wybren gbé àpótí kalẹ̀, ó jókòó,
ó tan gílóòbù.
Àwọn kan fara ti ògiri, àwọn kan rọ̀ sí àjà,
táyà wọn ò kan ilẹ̀ láti ọdún tí wọ́n sin Hiltje.
Irin lásán ni àwọn tó wá rajà ń wò;
ìrìn ni Wybren ń kà.

Ó kọ́kọ́ mú èyí tó dára jù,
dúdú minimini, ìlà wúrà gba ọrùn rẹ̀ kọjá.
Nígbà tí wọ́n rọ ọ́, bàbá Wybren ò tíì hu eyín.
Ọdún méjì ló fi wá pẹ́dà rẹ̀ kiri:
ó rí ọ̀kan ní Groningen,
ó rí èkejì nínú garawa ìṣó pásítọ̀ kan.
Kò wá sí ohun tó kù láti ṣe sí i mọ́.
Ó nù ún. Ó wò ó.
Àlejò tó wọ aṣọ funfun ni,
èèyàn ò lè ní kó wá bá òun gé àlùbọ́sà.
"Máa lọ," ló wí,
ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Ó kan aláwọ̀ búlúù, kẹ̀kẹ́ eré ìje,
owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé.
Ó gbé ẹsẹ̀ kó gùn ún,
orúnkún ní rárá.
Ó tún gbé e,
orúnkún ní, "Àbí o ò gbọ́ ni?"
Ó yí i dojú kọ ògiri.

Kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì, agbọ̀n iwájú rẹ̀ gba àgùntàn,
ó wúwo ju gbèsè lọ.
"Inú ẹ̀ lo sùn sí lọ́jọ́ tí òjò ká wa mọ́ orí afárá."
"Ẹ tà á, Bàbá mi. Mi ò tiẹ̀ rántí."
"Ìwọ lo ò rántí,"
ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, sí agbọ̀n.

Ti Hiltje ò ní irin àárín.
Ó fọwọ́ ara rẹ̀ hun okùn bo táyà ẹ̀yìn
kí yẹ̀rì má bàa wọ ṣéènì.
Wybren gùn ún yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀kan.
Ìjókòó awọ tó ti mọ ìdí kan ṣoṣo fún ogójì ọdún
ń kùn sí ìdí tuntun,
ṣùgbọ́n orúnkún ò sọ nǹkan kan.
Ọ̀kan nìyẹn.

Èkejì ni Jitske bínú sí:
egungun irin tí wọ́n fà jáde nínú ẹrẹ̀ odò,
kò ní ṣéènì, kò ní orúkọ,
ó dógùn-ún dé inú ọ̀rá.
"Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"
"Kí n máa rí nǹkan ṣe ni."

Obìnrin kan ti Zwolle wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù,
ó kó mẹ́rìnlá, ó ka owó lẹ́ẹ̀mejì.
Lálẹ́, Filmon ará Eritrea, tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà,
ní kí wọ́n dárúkọ iye tí agbọ̀n ńlá yẹn jẹ́.
"Ta lo fẹ́ gbé sínú ẹ̀?"
"Ó ku oṣù méjì kó dé."
Wybren ò dárúkọ iye kankan.
Páńpù ló lọ mú wá.

"Àyè kan ṣì kù, Bàbá mi."
"Mo mọ̀."
Ó gbé àpótí rẹ̀ sí abíyá,
ó pa gílóòbù.