Ó Sún Díẹ̀

Turku la kọ́kọ́ dé. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni.
Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn,
àbùlẹ̀ aláràbarà látọrùn dé kókósẹ̀,
fa Tuulikki ọmọ mi lọ́wọ́ wọnú ọkọ̀ ojú omi.
Wọ́n kọrin. Wọ́n fi búrẹ́dì aládùn há a lọ́wọ́.
Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.
Mo mọ ẹ̀rín yẹn:
ẹ̀rín àlejò ni.

Mo ní, ẹ̀kọ́ nípa irà ńkọ́?
Wọ́n wojú ara wọn.
“Ó yẹ kó wà, Màmá. Lọ́dún kẹta, bóyá.”

Ní Oulu, yìnyín ti mu kẹ̀kẹ́ dé orúnkún.
Kò sẹ́ni tó kí wa káàbọ̀.
Ilẹ̀kùn lórí ilẹ̀kùn, iná funfun, ìdákẹ́jẹ́;
mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ mi á gbẹ síbí bí ẹja.
Àfi yàrá kan tí ìgò kún inú rẹ̀,
ẹrẹ̀ irà dúdú nínú ìgò kọ̀ọ̀kan,
ọjọ́ orí ẹrẹ̀ lára ìwé pélébé:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún, ẹgbẹ̀rún márùn-ún.
Ọmọbìnrin kan lẹ ojú mọ́ awò amúǹkantóbi.
Kò gbórí sókè. Kò béèrè orúkọ.
Ó kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ní:
“Àwọn ti Turku mà yá mọ́ọ̀yàn o.”
“Wọ́n yá mọ́ọ̀yàn, Màámi.”
Èmi ń ro ẹni tí yóò máa bá a jẹun.
Òun ń fi èékánná kan ha ẹrẹ̀ lábẹ́ èkejì,
jẹ́jẹ́,
bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán.