Ẹsẹ̀ Kan Nídìí Kọ́fí

Kí kọ́fí tó hó ní Oulu,
Aune ti gbé ẹsẹ̀ òsì sókè,
ìka méjì péré lórí tábìlì.
Ení, èjì, ẹ̀ta… ó dé ẹ̀sán,
ẹsẹ̀ balẹ̀ gbì.
"Ẹ̀tàlá ni mo kà lánàá," ló sọ fún ológbò.

Àwọn tiwa ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú,
bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Ní Fébúárì, lórí yìnyín ẹnu ọ̀nà báǹkì,
Aune ò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn:
òkè ló ń wò,
òjò dídì ń bọ́ sí i lẹ́nu.
Ọmọkùnrin kan ló gbé e dìde, ó pè é ní ìyá arúgbó.
Ìyẹn dùn ún ju ìbàdí lọ.

Ó ń rìn báyìí láti ilẹ̀kùn dé fèrèsé,
gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka,
bí ẹni ń wọn ilẹ̀ tí wọn ò ní tà fún un.
Ó jókòó, ó dìde láìfọwọ́ ti àga.
Orúnkún ń kùn. Ó ní kó máa kùn.

Kọ́fí ti hó dànù.
Ó tún gbẹ́sẹ̀ òsì.
Ẹ̀wá. Ọ̀kanlá.
Lóde, yìnyín ń dán bí àwo.