Rọ́bà Imú

Ẹni tó lajú sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́.
À á ní, "Bàbá, ẹ fi omi díẹ̀ sẹ́nu, ẹ gbé e mì,
ẹ tún gbé e mì."
Omijé á bọ́, imú á máa ta á bí ẹni fín ata,
ṣùgbọ́n ọ̀fun á ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀,
rọ́bà á bá omi wọlé bí àlejò tó mọlé.

Ta ni yóò sọ fún ẹni tó sùn pé kó gbé mì?

Òtítọ́jù rèé lórí tábìlì ní Ìsánlú,
àgbẹ̀ oníṣu láti Ìfẹ̀-Olúkòtún,
ìfun rẹ̀ lọ́ bí okùn ẹrù ẹ̀yìn ọ̀kadà,
ikùn rẹ̀ le, ó ga, bí o bá lù ú á dún.
Ó yẹ kí rọ́bà ti wọlé kó tó sùn.
Ẹ̀ẹ̀mejì ló fà á yọ, tó bú mi, tó tún bú ẹni tó bí mi.
Mo kùn ún lóorun. A jọ ń ka ení, èjì;
ó dé ẹẹ́rin, ó dákẹ́.
Ẹ̀rọ ń mí fún un.

Mo wọn rọ́bà láti imú dé etí,
láti etí dé ibi tí egungun àyà parí sí.
Mo fi òróró pa á lára, mo tì í.
Ó ń lọ, ó ń lọ,
àṣé kò lọ síbì kankan:
Jẹ́mírìn, akẹ́kọ̀ọ́ mi, ya ẹnu bàbá wò,
rọ́bà ti ká jọ síbẹ̀ bí ejò nínú ìkòkò.
Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà.
Dókítà Aróhunmọ́láṣẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú ìbọ̀wọ́,
kò wí nǹkan kan.
Kí ó kúkú bínú ni ì bá sàn.

Mo ní kí wọ́n sáré bá ìyá eléja tútù iwájú ọgbà,
kó fún wa ní yìnyín.
Ó ní, ẹja wo lẹ fẹ́ fi gbé?
Rọ́bà tó bá tutù a máa le bí ọ̀pá;
tó bá gbóná, a rọ bí ọ̀rọ̀ onígbèsè.
Jẹ́mírìn di rọ́bà èémí mú.
Mo tẹ orí bàbá síwájú, àgbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà,
bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ikùn ara rẹ̀.
Mo fi ìka méjì mú gògóńgò, mo gbé e díẹ̀,
díẹ̀ péré.
Ó kọjá.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ a máa purọ́.
Mo fi sírińjì fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo fetí sí ikùn.
Jẹnẹrétọ̀ ń bú lóde.
Mo ní kí gbogbo yín dákẹ́,
àfi bí ẹni pé jẹnẹrétọ̀ náà á gbọ́.
Gbúlú.
Mo fà á: òróǹro, àwọ̀ ewé tó ti bó,
abọ́ kan kún, abọ́ kejì kún,
ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.
Dókítà na ọwọ́ gba abẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kí i: "Ọ̀kún o."
Ó fọwọ́ kan imú, ohùn rẹ̀ ti ha.
"Ọ̀kún. Ta ló fokùn sí mi nímú bí akọ màlúù?"
Mi ò dáhùn. Gògóńgò rẹ̀ ni mò ń wò:
ó gbé itọ́ mì,
ó gòkè, ó sọ̀.