Lẹ́tà Ìgbà Lẹ́ntì

Aago mẹ́rin ìdájí kò ì lù ní Ìlọrin.
Jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, àtùpà ni mo gbé sórí tábìlì,
ooru oṣù kẹta sì ń lẹ ìwé mọ́ mi lápá.
Ọdún yìí, ààwẹ̀ tiwa àti tiwọn jọ wọlé:
àwọn ọmọ àdúgbò ń lu agolo kọjá lábẹ́ fèrèsé mi,
ẹ jí sààrì o, ẹ jí sààrì.
Mo ti jí. Lẹ́tà ni mo fẹ́ kọ.

Ojú ewé méjìlá ni ti èṣí.
Mo kọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ ilé alájà fún àlejò.
"Ẹ̀yin olùfẹ́ mi nínú Krístì" ni mo fi ṣílẹ̀kùn,
mo wá kó gbogbo ohun tí mo kọ́ lókè òkun
jókòó sí pálọ̀,
kò ku àga kan fún ẹni tó ń bọ̀.
Bàbá Sáláwù télọ̀, aládùúgbò mi, kà á tán, ó ní:
"Aṣọ tó bá gùn ju ẹni tó ni ín lọ,
ilẹ̀ ló ń gbá."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo páríṣì.

Oṣù kẹfà, mo lọ ṣe ìbẹ̀wò.
Ọ̀nà tó já sí ìjọ kékeré kan lẹ́yìn Èsìẹ́
ti di odò. A bọ́ bàtà.
Mo ká aṣọ elésè àlùkò dé itan,
àwọn ọmọdé sì rí i gbangba
pé bíṣọ́ọ̀bù náà ní orúnkún.

Kátíkíìsì wọn, Silifẹ́sítà Oyèlárán,
yọ lẹ́tà mi láti inú Bíbélì rẹ̀.
Pẹ́ńsùlù ti rìn lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìyẹ.
Ojú ewé mẹ́sàn-án ló fagi lé gbáko.
Níbi tí mo kọ "ìrẹ́pọ̀ nínú ohun ìjìnlẹ̀ Àjíǹde",
ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Ẹ lọ bẹ ara yín kí ọdún tó dé.
Níbi tí mo to ìpínrọ̀ mẹ́ta lórí ìtọrẹ àánú,
ó kọ: Ilé Màmá Rẹ̀bẹ́kà ń jò.
"Ẹ má bínú, Bàbá. Òjò ti ṣú lọ́jọ́ náà,
mo sì mọ àwọn tó jókòó níwájú mi."

N kò bínú.
Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀.
Mo bínú títí a fi dé Àjàṣẹ́,
kí awakọ̀ mi, tí kì í sọ̀rọ̀, tó sọ̀rọ̀:
"Wọ́n ti kan páànù sílé ìyá yẹn o.
Mo rí i. Ó ń dán."

Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń padà wá.
Ọkùnrin kan ní Òmù-Àrán ń bi mí
ohun tí fadá wọn ń lé tó fi ń sáré tó báyẹn lórí ọ̀kadà.
Ọmọ kan yà mí: fìlà ṣóńṣó, ọ̀pá,
orúnkún méjì ràbàtà.
Obìnrin kan, tí n kò ní dárúkọ ìlú rẹ̀, kọ ìlà mẹ́ta péré:
Ọmọ mi lọ sóko. A ò tíì rí i.
Ẹ má wàásù fún mi. Ẹ ṣáà mọ̀.

Mo mọ̀, ìyá.
Ìwé yín ni mo fi ń sàmì sínú ìwé àdúrà mi,
bí mo bá ṣí i láàárọ̀, yín ni mo ń kọ́kọ́ bá pàdé,
kí n tó bá Dáfídì.

Agolo ti lọ jìnnà. Ìrun òwúrọ̀ kù díẹ̀.
Ojú ewé kan ni n óò kọ lọ́tẹ̀ yìí.
Mo ti kọ "Ẹ kú ìrọ́jú."
Mo ti kọ "Ilé ta ló tún ń jò?"
Ìyókù, n kò tíì mọ̀.
Ṣùgbọ́n mo ti fi àyè sílẹ̀ létí ìwé, fẹ̀ǹfẹ̀,
fún pẹ́ńsùlù.