Etí Tó Ń Ṣọ́ Iná

Yìnyín dé orúnkún láàárọ̀ Sátidé yẹn.
Katakata ìjọba tó ń gbá a kúrò lójú títì
gbá òpó àpótí lẹ́tà Ardis mọ́ ọn.
Ó ṣẹ́ nídìí, kán-ín, bí egungun adìẹ.
Ó pè mí: "Delmar, èló lẹ máa gbà?"
Mo ní ojú mi ti lọ.
Dókítà Fargo wò ó wò ó, ó mirí.
Ogójì ọdún tí mo fi jó irin
ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lára ẹyinjú mi.
"Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣì wà," ni mo wí. "Wá gbé e."

Ó gbé e lé pákó tí àwọn ọmọ fi ń yọ̀ lórí yìnyín,
ó wọ́ ọ gba inú oko lọ sílé.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé,
ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.
Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo gbọ́ láti orí àga mi:
ṣá! Ó dákẹ́.
Ṣá! Ṣá! Ó tún dákẹ́.
Ọ̀pá ti lẹ̀ mọ́ irin bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú.
Ó ń fà á, ó ń fà á, ó ń ṣépè,
obìnrin tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Luther ní gbogbo Sọ́ńdè!
Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó iṣẹ́ rẹ̀ wá nínú àpò búrẹ́dì.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi àtàǹpàkò wò ó.
Ó jó, ó jò, kò jọ nǹkan kan.
Kókó níhìn-ín, ihò lọ́hùn-ún,
bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ lórí àpáta.
Kò bínú. Ó ní, "Kí ni mo ṣì ṣe?"
Ìbéèrè yẹn ni mo ti ń retí.

Mo ní: ìpẹtà lo ń jó, irin kọ́. Họ ọ́ kó dán bíi ṣíbí.
Àwọn ọ̀pá yẹn wà nínú páálí láti ìgbà ayé ìyàwó mi,
omi ti wọ̀ wọ́n lára. Ra tuntun.
Má gbé e jìnnà; jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin
bí ẹni tó ń sọ àṣírí.
Má sì wo ìmọ́lẹ̀. Òpùrọ́ ni ìmọ́lẹ̀.
Adágún pupa tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni kó o máa wò,
kò tó èékánná,
kí o sì tẹ́tí.
Tó bá ń gbó bí ajá, iná ti pọ̀ jù.
Tó bá ń kùn bí ẹni tí oorun ń kùn, iná kéré.
Tó bá dà bí ẹyin tó ń dín nínú bọ́tà,
o ti dé ibẹ̀.

Ó jó irin ibùsùn, ó jó abẹ́ ohun ìtúlẹ̀ tó ti gbó.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ó yára ṣí ìbòjú,
iyanrìn kún ojú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Kò sọ fún mi. Ọmọ rẹ̀ ló sọ.

Ó di Wẹ́sidé kan, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀,
òtútù ń fọ́ igi nínú igbó,
mo gbọ́ ọ: ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀.
Kò já. Kò gbó. Kò kùn.
Ìṣẹ́jú kan gbáko.
Mo dìde dúró nínú òkùnkùn láìwọ bàtà.

Ó mú un wá. Ó tẹ́jú bí owó ẹyọ tí wọ́n tò léra.
Mo ní kó dè é, kó fi òòlù lù ú.
Ó ní, "Kí n ba èyí tó dáa jẹ́?"
Ó lù ú. Ó ṣẹ́ ní àárín:
èépá ti sápamọ́ sínú rẹ̀
bí irọ́ nínú ìjẹ́wọ́.
A jókòó. A mu kọfí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ó gbé ìbòjú rẹ̀, ó padà sílé.

Oṣù Kẹrin, òpó dúró. Ó fì sí apá òsì díẹ̀;
olùpín lẹ́tà sọ bẹ́ẹ̀, Ardis ní kó máa lọ.
Ó ní géètì mi ló kàn,
ó ti ń ké láti ọdún mẹ́ta.
Mi ò tíì sọ fún un
pé igbe yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀.