Irin Di Ìrìn

Wọ́n hú irin, wọ́n gbin ìrìn.
Ọ̀nà tí ọkọ̀ òwú máa ń gbà wọ Wardley,
kẹ̀kẹ́ ló ń gbà á báyìí, àti àwọn tó ń sáré
tí ẹnì kankan ò lé.

Ibùdókọ̀ rélùwéè ti di ilé dókítà eléyín:
ojú fèrèsé tí a ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì
ni a ti ń sanwó eyín tí wọ́n yọ.
Àga onígi gígùn náà ṣì wà níbẹ̀.
A tún ń jókòó sí i, à ń retí kí wọ́n pè wá,
pẹ̀lú ìbẹ̀rù tí kò jọ ti àtijọ́.

Ilé iṣẹ́ òwú ńkọ́? Alájà márùn-ún, bíríkì pupa,
fèrèsé igba ó lé mẹ́rìnlá. Mo kà wọ́n ní kékeré,
nígbà tí màmá mi wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn
tí n kò mọ èyí tó jẹ́.
Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Apá kan tiwa jó lọ́dún tí wọ́n bí àbúrò mi;
ibi ìgbọ́kọ̀sí ló bù sí i.
Apá yòókù, àwọn olówó tó ti Boston wá ló ń gbé e.
Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìhunṣọ kan sẹ́nu ọ̀nà bí ère,
wọ́n kùn ún, wọ́n fi okùn yí i ká
pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.
Màmá mi fọwọ́ kàn án.
Ó ní, "Ìwọ lo gé ìka Rosanna,"
ó sì fi etí gèlè ọrùn rẹ̀ nù ún
bí ẹni ń nu imú ọmọ.

Ovila Thibodeau nìkan ni kò gbà.
Ogójì ọdún ló fi gbé ọ̀pá ìdábùú sókè, tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nínú òjò dídì,
òun àti ajá rẹ̀ á dúró síbi tí títì ti gé ọ̀nà náà kọjá.
Á wo ọ̀tún. Á wo òsì.
Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń wò.
Ó ní, "Ọkọ̀ tí kò tíì dé,
ta ló mọ̀ bóyá ó kàn pẹ́ ni?"

Lánàá, ọmọ oníkẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀, ó ń lu agogo.
Ovila fa ajá sẹ́yìn, ó na ọwọ́ òsì gbọọrọ,
ó dá wa dúró, èmi àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì,
títí ọmọ náà fi kọjá tán.
Ó tún wo ọ̀tún.
Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sókè: ó yá, ẹ máa lọ.