Àwo Kan fún Ẹni Tí Kò Léyín

Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó gun òrùlé Òkè-Lísà,
a ti dáná sójú mẹ́rin lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí
tí ìjì oṣù Ẹrẹ́nà ká páànù orí rẹ̀ bí ẹni ká ẹní.
Ewúrẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ Yaba,
ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ opó tó ní ká má dárúkọ òun.
Ẹ̀kẹta, òbúkọ, Adáramọ́lá fúnra rẹ̀ ló fà á wá,
ó ní, "Ẹ gbà á, kò jẹ́ kí n sùn láti èṣí."

Èmi ni akápò. Ìwé pélébé wà lọ́wọ́ mi,
bírò tí kò yọ́ dáadáa wà létí mi.
Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni àwo àsun kan,
iyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́.
Èéfín kò bèèrè ẹni tó lówó lọ́wọ́,
ó ń wọlé onílé, ó ń pe kálukú lórúkọ.

Ìbídùn ló ń gé ẹran. Ata rodo jó wa lójú
títí gbogbo wa fi ń sunkún yíká iná.
"Ta ló kú?" ni ọlọ́kadà kan bi wá.
"Ebi ni," Ìbídùn dá a lóhùn. "Sọ̀ kalẹ̀, wá bá wa sin ín."
Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ra méjì.

Lọ́sàn-án, òjò ṣú, kò rọ̀.
Mo ka owó lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta:
ọgọ́ta páànù là ń wá,
owó ọwọ́ mi ò ju ti mọ́kàndínlógójì lọ
àti ìṣó díẹ̀.

Ìgbà náà ni Baba Akínmúrèlé yọ,
olùkọ́ tó kọ́ ìyá mi ní ìṣirò, tó sì kọ́ èmi náà,
ẹni tó lè fi imú lásán
mọ ewúrẹ́ tó jẹ èèpo iṣu yàtọ̀ sí èyí tó jẹ koríko.
Ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, ike lọ́wọ́ òsì.
Eyín tó gbẹ̀yìn ti bọ́ láti ìgbà Kérésì.
"Àwo mẹ́wàá," ó ní.
Mo wo ẹnu rẹ̀. Ojú tì mí pé mo wò ó.
"Baba, ta ni yóò jẹ ẹ́?"
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní funfun nínú:
"Eyín ló lọ, ọmọ mi. Etí ò lọ.
Pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ògiri yẹn wá,
kí wọ́n jókòó tì mí,
kí n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ eegun."

Mẹ́sàn-án ni wọ́n, lórí bẹ́ńṣì àwọn aboyún.
Ikun ń ṣàn nímú wọn, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu, wọn ò sinmi.
Baba dijú. Bí eegun kan bá ti fọ́, á mi orí
bí ẹni tó rí ìdáhùn tó pé nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́.

Ó ku àwo kan.
Ìbídùn ò sọ nǹkan kan. Ó fọ odó,
ó da ẹran náà sí i, ó gbé ọmọrí odó sókè.
Ẹnì kan ké pé, "Èèwọ̀!"
kò sì sẹ́ni tó rántí irú èèwọ̀ tó jẹ́.
Ó gún un, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́,
títí ẹran fi gbàgbé pé òun ní iṣan,
ó fi omi rẹ̀ pò ó, ó tẹ́ ẹ sórí iyán
nínú abọ́ tánganran tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀.
"Ẹ̀bùn ni," ó ní. "Akápò, má kọ ọ́."

Baba fi ìka kan tọ́ ọ wò.
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
Ó ní ata ló mú omi wá sójú òun.
A ò bá a jiyàn.

Mo kọ ọ́ ṣá, nísàlẹ̀ pátá, bírò ń há:
àwo kan, ọ̀fẹ́, fún ẹni tí kò léyín.

Páànù mẹ́rìnlá ló ṣì kù.
Sátidé tó ń bọ̀, a tún ń dáná. Ẹ mú ike yín dání.
Adáramọ́lá ní òun tún ní òbúkọ kan nílé
tí kì í jẹ́ kí òun sùn.